Àtòjọ Ètò àti Ìgbéwọlé Rẹ̀ Nínú Iṣẹ́ Ìkànnì

Bí ènìyàn bá ní ìwé tí ó fẹ́ tẹ̀ ní ìlú Èkó, Ṣómólú ni a óò kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un. Láti ìhà Ladi-Lak dé àárín Ṣómólú àti Bàrígà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti di ohun tí a fi ń dá àdúgbò náà mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá rò pé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni a óò ti ṣe iṣẹ́ òun tán kò tíì mọ ìṣe ibẹ̀. Nígbà púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí ojú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń ṣe pẹlẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Oníbébà wà láyè tirẹ̀, ẹni tí ń di ìwé pọ̀ wà láyè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń gé etí rẹ̀. Alágbàtà iṣẹ́ ni ó ń so gbogbo wọn pọ̀. Òun ni ó mọ ẹni tí ń ṣe èyí àti ẹni tí ń ṣe tọ̀hún, òun ni ó sì mọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú: a kì í gbé bébà lọ sí ìdí ẹ̀rọ nígbà tí pẹlẹ́ẹ̀tì kò tíì jáde, a kì í sì í gé etí ìwé tí a kò tíì dì pọ̀.

Nǹkan méjì ni alágbàtà yìí ń tà fún oníbàárà rẹ̀. Èkíní ni àtòjọ, èyíinì ni ìmọ̀ ohun tí ó wà àti ibi tí ó wà. Èkejì ni ìgbéwọlé, èyíinì ni agbára láti kó àwọn nǹkan náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ètò-ní-ètò, títí iṣẹ́ yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni méjèèjì ń gbé. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, oníbàárà rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mọ́.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì yìí kan náà ni a yọ kúrò nínú orí àwọn ọ̀mọ̀ràn, tí a kọ sílẹ̀ ní gbangba, tí a sì kọ́ mọ́ inú irinṣẹ́ tí a fi ń gbé ìkànnì kalẹ̀. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí ó mú wá fún àwọn ènìyàn wa, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, ni ìtàn tí ó tẹ̀ lé e yìí.

Ohun Tí À Ń Pè Ní Framework

Ìkànnì tí ó ń ṣiṣẹ́ gidi ju ojú ìwé tí a kàn kọ ọ̀rọ̀ sí lọ. Ìkànnì oníṣòwò gbọ́dọ̀ dá oníbàárà mọ̀, kí ó tọ́jú iye ọjà tí ó kù, kí ó gba owó, kí ó sì fi ìwé ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́. Nígbà tí Tim Berners-Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN gbé wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, tí CERN sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú rẹ̀. Olúkúlùkù oníṣẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ìkànnì mẹ́wàá fún oníbàárà mẹ́wàá yóò kọ ọ̀nà ìwọlé kan náà ní ìgbà mẹ́wàá.

Láti inú àárẹ̀ yìí ni framework ti wá. Framework dà bí ilé tí a ti ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a sì ti kan òrùlé rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á kì í ronú nípa òpó mọ́. Iyàrá nìkan ni yóò máa là sí i. Àwọn iyàrá yìí ni a ń pè ní áàpù: iyàrá kan fún ìròyìn, òmíràn fún ọjà títà, òmíràn fún owó gbígbà. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo àwọn tí ó lo framework kan náà ti ri òpó wọn ní ìwọ̀n kan náà, iyàrá tí ẹnì kan là fún ilé tirẹ̀ lè wọ inú ilé ẹlòmíràn láìsí pé a gé e tàbí pé a fi igi sí i. Ibi tí èyí bá ti ṣeé ṣe ni ìbéèrè méjì ti máa ń dìde: níbo ni a óò ti rí iyàrá tí ẹlòmíràn ti là, báwo ni a óò sì ṣe gbé e wọ ilé wa?

Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Dáhùn

Kí framework wẹ́ẹ̀bù tó gbilẹ̀ ni àwọn tí ń lo èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Perl ti dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Larry Wall ni ó gbé èdè náà jáde ní ọdún 1987. Ní ọdún 1995 ni a ṣí ilé ìpamọ́ tí a ń pè ní CPAN, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ètò tí ó wúlò ní èdè Perl lè gbé e sí kí àwọn yòókù lè rí i. Wọ́n kò fi ilé náà mọ sí ojú kan. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, òmíràn yóò dáhùn. Andreas König sì kọ irinṣẹ́ kan tí ń ṣe iṣẹ́ alágbàtà: bí a bá dárúkọ ètò kan fún un, yóò lọ wá a, yóò wo àwọn ètò mìíràn tí ètò náà gbára lé, yóò kó wọn wá ṣáájú, yóò sì tò wọ́n sí ipò wọn.

Ní apá ibòmíràn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ṣe irú nǹkan kan náà fún odidi kọ̀ǹpútà. Nínú ẹ̀dà kejì àti kan, 2.1, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999, irinṣẹ́ tí a ń pè ní APT wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń lo Debian ti lè dárúkọ ètò kan, kí ó sì rí òun àti gbogbo ohun tí ó gbára lé gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ńlá ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ lò wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ sí ojú dúdú kọ̀ǹpútà, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà. Oníṣòwò tí ó háyà àyè kékeré lórí sáfà ẹlòmíràn kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọ̀mọ̀ràn ní irinṣẹ́, kò ní ìkànnì tí yóò fi tajà, oníṣòwò ní ọjà, kò ní irinṣẹ́.

Ilé Mẹ́rin, Ìdáhùn Mẹ́rin

Láàárín ọdún 2003 sí 2013 ni àwọn tí ń kọ́ framework wẹ́ẹ̀bù dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wọn kò dọ́gba, ìyàtọ̀ náà sì kún fún ẹ̀kọ́.

Àkọ́kọ́ ni Django. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i. Adrian Holovaty àti Simon Willison bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní ọdún 2003, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Keje ọdún 2005. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn mọ̀ pé àkókò kì í dúró de akọ̀ròyìn. Ohun tí olóòtú béèrè ní òwúrọ̀, ó fẹ́ kí ó wà lójú ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ka ìkànnì sí àkójọ áàpù. Nínú ìwé ìṣètò gbogbo ìkànnì Django, àyè kan wà tí a ń pè ní INSTALLED_APPS, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn áàpù tí ó wà nínú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ yìí ti mọ iye iyàrá tí ilé náà ní. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọjà áàpù mọ́ inú Django fúnra rẹ̀. Ilé ìpamọ́ gbogbogbòò ti èdè Python, PyPI, àti irinṣẹ́ ìgbéwọlé rẹ̀ tí ń jẹ́ pip, tí ó jáde ní ọdún 2008, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Ní ọdún 2010, Daniel Greenfeld àti Audrey Roy dá àtòjọ kan tí ń jẹ́ Django Packages sílẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè fi áàpù kan wé èkejì kí ó tó yan èyí tí yóò lò.

Èkejì ni web2py. Olùkọ́ yunifásítì ni Massimo Di Pierro tí ó kọ ọ́, ní DePaul University ní ìlú Chicago, ní ọdún 2007, nítorí ẹ̀kọ́ kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì ni. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa sáfà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà ó fi ilé ìṣàkóso sí inú framework náà gan-an, tí a ń ṣí bí a ti í ṣí ìkànnì. Níbẹ̀ ni a ti lè di odidi áàpù sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí ẹni náà sì gbé e wọ inú web2py tirẹ̀, yálà láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí láti àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kékeré ni fáìlì kan ṣoṣo yìí lójú ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já. Lójú ẹni tí ó ń fi fláàṣì gbé iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, ohun ńlá ni.

Ẹ̀kẹta ni Laravel, tí Taylor Otwell gbé jáde ní ọdún 2011. Ní ọdún 2012, nínú ẹ̀dà kẹta rẹ̀, a dá àtòjọ kan sílẹ̀ fún àwọn áàpù tí wọ́n pè ní bundle, a sì fi àṣẹ kan sí inú framework náà tí yóò lọ mú bundle tí a bá dárúkọ wá. Àtòjọ àti ìgbéwọlé ti wà nínú ilé kan náà báyìí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà kẹrin jáde ní ọdún 2013, wọ́n pa á tì. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọdún 2012 ni irinṣẹ́ tí ń jẹ́ Composer jáde láti ọwọ́ Nils Adermann àti Jordi Boggiano, pẹ̀lú ilé ìpamọ́ rẹ̀, Packagist, tí ó wà fún gbogbo ẹni tí ń lo èdè PHP. Àtòjọ tí ó jẹ́ ti framework kan ṣoṣo ń mú kí ohun tí ẹni tí ó wà nínú ilé yìí ṣe má lè wúlò fún ẹni tí ó wà nínú ilé kejì. Laravel yan ọjà gbogbo ìlú dípò ọjà inú agboolé.

Ẹ̀kẹrin ni WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Àwọn onímọ̀ kan kì í pè é ní framework, nítorí pé ètò ìkọ̀wé lórí wẹ́ẹ̀bù ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohun tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe dá a mọ̀, òpó àti òrùlé ni ó jẹ́ fún àìmọye ìkànnì. Ní ọdún 2004 ni ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ètò àfikún tí ń jẹ́ plugin. Ní ọdún 2005 ni àtòjọ wọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá rí plugin tí ó wù ú yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò tú u, yóò sì fi irinṣẹ́ mìíràn gbé e lọ sí orí sáfà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹ̀dà 2.7 mú àtòjọ náà wọ inú ilé ìṣàkóso ìkànnì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá ní ìkànnì lè wá plugin, kí ó sì tẹ bọ́tìnì kan kí ó wọlé. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn ní ọdún 1995 di ohun tí oníṣòwò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Bọ́tìnì Náà

Bọ́tìnì kan ni ojú rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀. Ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánimọ̀: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà framework tí ó lè bá ṣiṣẹ́, àti àwọn ètò mìíràn tí ó gbára lé. Irinṣẹ́ ìgbéwọlé yóò ka ìwé yìí kí ó tó gbé ohunkóhun. Bí ètò kìíní bá gbára lé ẹ̀kejì, tí ẹ̀kejì sì gbára lé ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bí méjì nínú wọn bá ń béèrè ẹ̀dà tí ó yàtọ̀ síra ti ohun kan náà, irinṣẹ́ tí ó gbọ́n yóò dúró, yóò sì sọ ìdí. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó tètè ṣe èyí: WordPress kò fi àyè fún plugin láti kọ orúkọ plugin mìíràn tí ó gbára lé títí di ẹ̀dà 6.5, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọdún 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí bọ́tìnì ìgbéwọlé dé.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò, láti rí i pé ohun tí ó dé ni ohun tí a rán. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, irinṣẹ́ yóò kọ àwọn fáìlì sí orí sáfà, ètò tuntun náà yóò sì la àyè fún ara rẹ̀ nínú ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀. Ewu ńlá fara sin síhìn-ín. Kí ìkànnì tó lè gbé áàpù wọ inú ara rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún un ní àṣẹ láti kọ nǹkan sí ara rẹ̀. Bí olè bá wá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà olùṣàkóso, ilẹ̀kùn kan náà tí áàpù rere ń gbà wọlé ni ti olè yóò gbà. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ kan fi máa ń ti bọ́tìnì náà pa lórí ìkànnì tí ó bá gbé ohun tí ó níye lórí.

Bí Ó Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Agbègbè Ladi-Lak kò jìnnà sí ibi tí ìmọ̀ wà. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọka, lẹ́bàá Bàrígà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology, tí ọjọ́ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, kò sì jìnnà. Ohun tí ó jìnnà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ ìgbéwọlé tí ó wà nínú framework kò wúlò bí kò bá lè dé sáfà tí àtòjọ wà. Ní ọdún 2010 ni okùn abẹ́ òkun ti ilé-iṣẹ́ MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó, ọdún yìí kan náà ni a sì dá Co-Creation Hub sílẹ̀, tí ó fi Yábàá ṣe ibùjókòó tí ó sì di ibi ìpéjọ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

Owó gbígbà ni ó ṣòro jù nínú kíkọ́ ìkànnì ọjà. Ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni apá kan nínú ìdáhùn ti wá. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ WooThemes, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Cape Town ní orílẹ̀-èdè South Africa, gbé WooCommerce jáde, plugin tí ń sọ ìkànnì WordPress di ilé ìtajà. Ilé-iṣẹ́ Automattic ti Amẹ́ríkà rà á ní ọdún 2015. Ọdún náà ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Flutterwave sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2016. Àwọn méjèèjì gbé plugin sí inú àtòjọ WordPress, èyí tí ń jẹ́ kí ilé ìtajà WooCommerce lè fi káàdì báńkì gba náírà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun ń ra Paystack.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìgbéwọlé kan ṣe ń gun orí èkejì. Plugin ti Paystack gbára lé WooCommerce, WooCommerce gbára lé WordPress, WordPress gbára lé èdè PHP àti ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Oníṣòwò tí ó tẹ bọ́tìnì kò mọ orúkọ gbogbo wọn, kò sì ṣe dandan kí ó mọ̀ ọ́n. Bí alágbàtà Ṣómólú ti mọ ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ oníbébà dé ọ̀dọ̀ adìwé-pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ náà mọ ọ̀nà. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ẹni tí kò lè san owó fún akọ̀wé-ètò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ lè rí ilé ìtajà gbé kalẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó mọ àtòjọ náà dáadáa sì lè fi ìmọ̀ yìí jẹun.

Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ohun tí ó bá wà ní ojú kan, ojú kan náà ni a ti lè tì í pa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹnì kan tí inú bí nítorí orúkọ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yọ ohun tí ó ju 250 ètò lọ kúrò nínú npm, ilé ìpamọ́ èdè JavaScript. Ọ̀kan nínú wọn, left-pad, kò ju ìlà 11 lọ. Ṣùgbọ́n àìmọye ètò ńlá ni ó gbára lé e láìmọ̀, iṣẹ́ wọn sì dúró gbọn-in káàkiri ayé títí a fi dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni npm ṣe òfin tuntun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣàdédé yọ ètò tí àwọn ẹlòmíràn gbára lé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, a rí i pé plugin WordPress kan tí ń jẹ́ Captcha, tí nǹkan bí 300,000 ìkànnì ń lò, ti yí ọwọ́ padà, ẹni tuntun tí ó gbà á sì ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sí inú àtúnṣe rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fọkàn tán olówó àkọ́kọ́ ni wọ́n gba ohun tí ẹni kejì fi ránṣẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú orúkọ kan lè di ohun tí a tà.

Èyí tí ó tún wá lágbára jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Automattic, tí Mullenweg jẹ́ olórí rẹ̀, àti WP Engine, ilé-iṣẹ́ kan tí ń gba ìkànnì WordPress sí orí sáfà rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, a ti ilẹ̀kùn àtòjọ WordPress mọ́ WP Engine. Àwọn oníbàárà tí ìkànnì wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè fi bọ́tìnì gba plugin tàbí àtúnṣe mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, a gba àyè plugin kan tí ó jẹ́ ti WP Engine nínú àtòjọ náà, a sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní California pàṣẹ pé kí a dá àwọn nǹkan padà sí bí wọ́n ti wà. Ẹjọ́ yòówù kí ènìyàn dá láàárín àwọn méjèèjì, àwọn oníṣòwò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Erin méjì jà, koríko ni ó fara gbá.

Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ìtàn yìí fi hàn pé àtòjọ tí ó dára gbọ́dọ̀ ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ẹ̀dà CPAN tí ó wà káàkiri ayé ti kọ́ni ní èyí láti ọdún 1995. Fáìlì kan ṣoṣo ti web2py kọ́ni ní èyí pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó ní fáìlì lọ́wọ́ kò bẹ ẹnikẹ́ni. WordPress náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbé fáìlì plugin wá láti ọwọ́ ara rẹ̀, àyè yìí sì ni ọ̀nà àbáyọ nígbà ìjà ọdún 2024. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Linux Foundation kéde iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ FAIR, tí ó fẹ́ kí àtòjọ plugin WordPress lè máa ti ọ̀pọ̀ ilé wá dípò ilé kan. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ṣómólú. Bí ṣọ́ọ̀bù oníbébà kan bá tì, alágbàtà yóò yà sí òmíràn. Kò sí ẹnì kan tí ó ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo àdúgbò.

Ọ̀ràn kan tún kù tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an, èyíinì ni orúkọ. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nínú àtòjọ, orúkọ ni a fi ń pe ètò, òun náà ni irinṣẹ́ ìgbéwọlé fi ń wá a. Ṣùgbọ́n PyPI kò gba orúkọ tí ó ní lẹ́tà mìíràn yàtọ̀ sí A dé Z ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àti àmì díẹ̀. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú orúkọ plugin nínú àdírẹ́sì WordPress. Nítorí náà, oko tí àgbẹ̀ ń ro, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù yóò di orúkọ kan náà, oko. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbà á ni ó ni ín, àwọn mẹ́rin yòókù yóò wá orúkọ mìíràn.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859, lẹ́tà òjé tí ó bá wà nínú àpótí ni atẹ̀wé lè tò. Àwọn tí ó péjọ ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ Yorùbá kò jẹ́ kí àpótí lẹ́tà àwọn Òyìnbó pinnu ohun tí èdè wa yóò jẹ́; ẹ, ọ àti ṣ dúró, a sì wá lẹ́tà tí ó bá wọn mu. Nínú àtòjọ òde òní, àyè méjì sábà máa ń wà: orúkọ tí irinṣẹ́ ń lò, àti àkọlé tí ènìyàn ń kà. Èkejì lè gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà láìsí ìdíwọ́. Bí ẹni tí ó bá kọ áàpù fún àmì ohùn, tàbí fún ìwé atúmọ̀ èdè, bá fi èkíní sílẹ̀ fún irinṣẹ́ tí ó sì kọ èkejì ní àkọtọ́, àwọn tí ń wá a ní èdè Yorùbá yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ ọ́n.

Láti ọdún 1995 títí di òní, ohun tí ó yí padà nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó lè lò ó. Ohun tí kò yí padà ni pé àtòjọ ní olùtọ́jú, olùtọ́jú sì ní agbára. Àwọn tí ó gbé áàpù kalẹ̀ fún ilé-ìwé àti fún òwò ní ilẹ̀ wa yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ju ibì kan lọ, bí wọ́n bá kọ gbogbo ohun tí ó gbára lé sílẹ̀ ní gbangba, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣeé gbé wọlé láti inú fáìlì lásán ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Ìmọ̀ tí ó wà nínú orí ẹnì kan yóò bá a lọ. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀, tí a sì pín káàkiri, ni ọmọ ẹ̀yìn yóò bá.